Ọwọ́ Ta Ló Di Abẹ Mú?

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ọmọ mi obìnrin,

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé otútù ibẹ̀ ti dínkù? Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ, torí ẹni tí inú ń bí tó ń rẹ́rìn-ín, àìsàn ló ń wá.

Páálí tí o fi ránṣẹ́ dé lánàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbà á wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́, tòun ti aṣọ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́rùn, ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá, abẹ yín ti dé o!" Mo sáré fọ ọwọ́. Mo jókòó. Mo rọra ń tú okùn rẹ̀ bí ẹni tó ń tú ọmọ tuntun nínú aṣọ. Kí ni mo bá níbẹ̀? Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ oníná tó ń kùn bí eṣinṣin tí wọ́n dé mọ́nú ìgò!

Ṣé èyí ni mo bẹ̀ ọ́? Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ọ ní oṣù kọkànlá pé, "Jọ̀wọ́, bá mi wá abẹ olójú kan, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wé." Ó ti tán lórí àtẹ níbí. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀, olójú méjì ni wọ́n ń nà sí mi, bí ẹni pé ohun kan náà ni. Irin tí mo fi ń fá irùngbọ̀n láti ọdún mọ́kànlélógójì, abẹ olójú kan ló mọ̀. Apá kan ń gé, apá kejì kò gé. O mọ ibi tí ewu wà, o mọ ibi tí ìka lè sinmi lé. Ta ló sọ fún ọ pé irú irin bẹ́ẹ̀ ti di ohun àná?

Mo tún ka bébà tó o fi sínú ẹ̀rọ náà: "Kí ẹ má baà máa ṣe ara yín léṣe mọ́." Ta ló ní mò ń ṣe ara mi léṣe? A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti jókòó sí kọ̀rọ̀, ẹ ti fá tèmi kodoro.

Mo ti dá ẹ̀rọ yẹn padà sínú páálí rẹ̀. Fi abẹ ránṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ, onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú oòrùn. Mo gba lẹ́tà yín, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbé e síbi tí mi ò ti ní rí i fún ọjọ́ mẹ́rin kí n má baà fi ìbínú dáhùn. Ẹ dákun, ìbínú náà ò lọ.

Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí mi pé ẹ gé Tíṣà lágbọ̀n ní oṣù kejìlá. Tíṣà yìí kan náà tó ti ń jókòó sórí àga yín kí n tó mọ ìwé kà! Ó ní ẹ̀jẹ̀ dà sí kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó ní tí ẹ bá gbé ife omi, ìdajì ni í dé ẹnu, ìdajì á lọ sílẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n ra ẹ̀rọ. Ẹ fẹ́ kí n máa wo ẹ̀yin àti abẹ níran láti ọ̀nà jíjìn, kí n sì máa pàtẹ́wọ́ ni?

Ẹ tún ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ abẹ. Èmi tí mò ń fá irùngbọ̀n arúgbó mẹ́rìnlá kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù! Nínú ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, abẹ onírọ́bà ni wọ́n kó fún wa, ojú mẹ́ta lórí ara wọn, ìlò-ẹ̀ẹ̀kan-jù-ú-nù. Ojú kìn-ín-ní á fa irun, ìkejì á gé e, ìkẹta á tún un gé dé abẹ́ awọ. Tí irun náà bá fẹ́ hù padà, á ká kò, á gún ẹran wọlé. Bàbá kan wà ní yàrá keje, kápẹ́ńtà ni tẹ́lẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti rí bí èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó. Gbogbo àárọ̀ ló ń di ọwọ́ àga mú tí mo bá ń bọ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fa eyín rẹ̀ yọ. Ó ní irin tirẹ̀, olójú kan gan-an bíi tiyín, tó gbé wá láti ilé. Ọ̀gá wa obìnrin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ewu ni. Bàbá Kápẹ́ńtà wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọgọ́ta ọdún ni mo fi ayùn gé igi, ìka mi pé mẹ́wàá. Ta ló wá ń fi abẹ dẹ́rù bà mí báyìí?"

Ẹ bá mi dá ìbéèrè kan lóhùn: irun ọrùn rẹ̀ kò dojú kọ ibì kan, ó ń yí po bí omi tó fẹ́ wọ ihò. Báwo ni èèyàn ṣe ń fá irú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Nígbà tó tó àkókò láti fa àga lé ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ ní, "Ta ló ti rí obìnrin tó ń di àgbọ̀n ọkùnrin mú?" Ẹ gbé e fún Ọwọ́-fúyẹ́, ọmọ ọlọ́mọ, tó kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì péré. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀yin fi sí i. Ọwọ́-fúyẹ́ dà lónìí? Ó wà ní òdìkejì títì, òun àti ẹ̀rọ oníná mẹ́rin! Èmi tí mo fi ẹyọ kan ránṣẹ́ ni ẹ wá ń bá jà.

Mo ti rí abẹ olójú kan tí ẹ ń wá, àpò márùn-ún. Ó wà lórí tábìlì mi. Ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ ọwọ́ yín fún mi.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara wa le.

Tíṣà ló rẹ́rìn-ín. Mo ti ń sọ fún un láti ọgbọ̀n ọdún pé kó má máa pa àwàdà tí abẹ bá wà lágbọ̀n rẹ̀, kò gbọ́. Ojú abẹ fara kàn án ni, ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ti ẹ̀fọn. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ máa jó irin rẹ̀, kó fi èmi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àga, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ohun tó ti kọjá ni. Bí ayé ṣe rí nígbà náà ni mo ṣe é.

Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ nípa Bàbá Kápẹ́ńtà yẹn mú kí n dìde kúrò lórí àga. Wọ́n ti irinṣẹ́ àgbàlagbà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù! Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn? Ẹni tó kọ́ ilé fún àwọn èèyàn ni wọn ò gbà pé ó mọ ojú abẹ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀? Ìwọ náà ń wò ó lójoojúmọ́, o sì ń fi rọ́bà ha á lọ́rùn?

Gbọ́ bó o ṣe máa ṣe é. Má fá a lọ́jọ́ méjì, kí irun lè yọrí. Fi ìka rẹ wá ọ̀nà irun, díẹ̀díẹ̀, bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn. Tówẹ́lì gbígbóná, kó pẹ́ níbẹ̀. Ọṣẹ tó hó dáadáa, fi búrọ́ọ̀ṣì yí i po. Pín ọrùn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ibi tí irun bá kọjú sí ni kí abẹ kọjú sí. Má takò ó láé. Fa awọ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Má tẹ abẹ. Irin yẹn wúwo tó láti ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, ìwọ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò dán tán? Kò burú. Irun tó yọ díẹ̀ sàn ju irun tó wọnú ẹran lọ.

Bó o bá jẹ́ ọmọ mi, o ò ní jẹ́ kí bàbá yẹn máa jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Abẹ mi dà?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo jókòó sílé láti ìjẹta, kì í ṣe pé ara mi ò yá. Wọ́n ní kí n lọ rọ́kún nílé.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọmọ Bàbá Kápẹ́ńtà obìnrin wá kí i, ó lọ bá Ọ̀gá pé òun fẹ́ gba irin bàbá òun. Ọ̀gá rò pé ilé ló ń gbé e lọ. Yàrá keje ló gbé e wá, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì jókòó tì wá. Mo wá ọ̀nà irun bí ẹ ṣe ní kí n wá a. Mo rọra fá a, ọ̀nà mẹ́rin. Bàbá, ọwọ́ mi ò gbàgbé! Ìró yẹn, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń ya bébà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá Kápẹ́ńtà ò di ọwọ́ àga mú. Ó sùn lọ. Nígbà tó jí, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa ọrùn rẹ̀, ó ní, "Èyí ni wọ́n ń pè ní ìfárùngbọ̀n." Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kókó ọrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwa òṣìṣẹ́ rí irin náà níbi tí mo sá a sí lójú fèrèsé. Ó lọ sọ. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní, "O mú ohun ìjà wọ yàrá aláìlera."

Mo ní, "Mà, irùngbọ̀n ni mo fá, mi ò jagun."

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lọ́dọ̀ bàbá mi. Onígbàjámọ̀ ni."

"Ìwé ẹ̀rí rẹ dà?"

Ìwé wo, Bàbá? Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀, ẹni tó ń gbé omi gbígbóná ni wọ́n mọ̀ mí sí. Ọ̀gá ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún. Bí n kò bá ní ìwé tó fi hàn pé mo kọ́ṣẹ́, wọ́n á lé mi, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fẹ́ ṣe arúgbó léṣe. Ta ló máa gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹ dákun, ẹ kọ ìwé kan fún mi. Ẹ kọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọdún mẹ́fà. Kí alága ẹgbẹ́ buwọ́ lù ú. Mi ò bèèrè ohun mìíràn. Abẹ yín wà nínú àpò ìwé yìí, gbogbo rẹ̀.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Mo kọ̀wé, ẹ ò fèsì. Mo tẹ wáyà, ẹ ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé ẹ ti gba lẹ́tà mi láti ìgbà pípẹ́, pé ẹ ti yàrá yín pa, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tó ń dí yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin ò lè sọ ọ́. Ọdún tí èjìká yín yẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko, ta ló ń fá àwọn oníbàárà yín? Ẹ ó da tówẹ́lì gbígbóná bo ojú wọn, ẹ ó dúró síwájú, ẹ ó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wà lẹ́yìn àga, n kò gbọ́dọ̀ húkọ́, tí mò ń fá wọn. Tí wọ́n bá jí, wọn á ní, "Ọwọ́ yín dára lónìí o!" Ẹ ó ní, "Ẹ ṣeun." Lójú mi! Odindi oṣù mẹ́jọ! Lọ́dún kejì lẹ ní obìnrin ò lè gba àga.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo kó ẹrù mi, mo lọ. Ní báyìí tí mo nílò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu yín, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ṣé ohun ìtìjú ni mo jẹ́ ni, Bàbá? Ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń kọ èyí. Èmi ni mò ń sọ, òun ló ń kọ. O máa mọ̀dí rẹ̀.

Mo jókòó láti kọ ìwé tí o bèèrè lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ adìẹ ló wà lórí bébà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ọmọ mi. Ó ti lé lọ́dún kan. Lẹ́tà tí mo kọ sí ọ ní oṣù kẹta, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Kò tiẹ̀ mira. Èmi ni mo gé e, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Inú ń bí mi sí ọwọ́ yìí bí ẹni pé ọwọ́ ọ̀tá ni. Inú ń bí mi sí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ torí pé ẹ rí i. Nítorí náà mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi kọ ọ́, torí bó bá bá mi kọ ọ́, mo ti gbà nìyẹn.

(Bàbá, ẹ rọra, ẹ̀rọ kọ́ ni mí. — Má kọ ìyẹn! — Mo ti kọ ọ́.)

Àná, wáyà rẹ kejì dé. Ó ní, "Ṣé kí n lọ máa pe ẹlòmíràn ní bàbá?" Ó gún mi dé egungun. Mo wọ bàtà, mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Mo dìde láàárín wọn, mo ní mo fẹ́ kí ẹ buwọ́ lùwé fún ọmọ mi obìnrin pé ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ tó ń gbé omi? Ìgbà wo la rí i lẹ́yìn àga?"

Mo ní, "Ẹ ò lè rí i. Tówẹ́lì wà lójú yín."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ náà. Mo ní mẹ́jọ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ọwọ́ rẹ̀ ló fá yín. Ìwọ alága, ọwọ́ rẹ̀ ló fá ọ lọ́jọ́ tó o ń gbé ìyàwó. Ariwo sọ. Ọ̀kan ní mo tan wọ́n jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tàn yín jẹ, mo sì tan ọmọ mi jẹ jù yín lọ. Ọwọ́-fúyẹ́ ní òun kò gbà, pé ta ni ẹlẹ́rìí? Kó tó parí ọ̀rọ̀, Tíṣà dìde lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ó kàn bá mi wá ni, tòun ti àpá tí mo dá sí i lágbọ̀n. Ó ní, "Èmi mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọwọ́ ọkùnrin yìí máa ń rùn tábà. Ọwọ́ tó fá mi lóṣù mẹ́jọ yẹn, ọṣẹ nìkan ló ń rùn. Mi ò rí ìfárùngbọ̀n tó dà bí ẹ̀ rí."

Wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ìwé náà. Alága buwọ́ lù ú. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí ó má baà pẹ́ jù, mo ti tẹ wáyà ṣáájú: MO KỌ́ Ọ. ÌWÉ Ń BỌ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, akọ̀wé yín.

Wáyà dé ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá. Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá, ó sì sún ìjókòó síwájú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀gá kà á fún ìgbìmọ̀, wọ́n bi mí bí mo ṣe ń fọ abẹ, bí mo ṣe ń jù ú nù, mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọmọ Bàbá Kápẹ́ńtà jẹ́rìí. Bàbá Kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n ti òun wá nínú kẹ̀kẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní kí wọ́n wo ọrùn òun. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́bà kan òun.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ irin tirẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ sì buwọ́ lùwé, wọ́n á jẹ́ kó lò ó. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn yòókù. Síbẹ̀, wọ́n ní ìwé ìkìlọ̀ á wà nínú fáìlì mi, pé n kò gba àṣẹ. Wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú. Mi ò buwọ́ lù ú. Mi ò sì ní buwọ́ lù ú.

Bàbá, inú ń bí mi sí yín. Ẹ má rò pé òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ti pa á rẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ro ó bóyá lóòótọ́ ni ọwọ́ mi ò tó. Tíṣà mọ̀, kò sọ. Ẹ̀yin mọ̀, ẹ ò sọ. Ẹ jẹ́ kí n bínú tán; kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bínú rẹ̀ tán lọ́sẹ̀ kan.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi fi bébà kékeré sínú lẹ́tà yín láìjẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ní ojú yín kún fún pílásítà, pé ẹ ṣì ń fá a fúnra yín, ẹ ò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Mo ti gba ìsinmi. Mo máa dé ní ọjọ́ kẹta oṣù keje. Ẹ gbé irin yẹn sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí n ó fi dé. Mi ò bẹ̀ yín; mò ń sọ fún yín ni.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló tún ń kọ ọ́. Mo gba lẹ́tà rẹ. Bínú tán, àyè wà fún un nínú ilé yìí.

Mi ò tíì fọwọ́ kan irin láti ọjọ́ náà. Irùngbọ̀n mi ti di igbó, funfun báláú. Àwọn tó ń kọjá ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá mo ti di wòlíì. Ó ń yún mi lọ́sàn-án, mo ń fara dà á.

Lánàá, Ọwọ́-fúyẹ́ sọdá títì wá, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́wọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó kí n ṣe yín lóore. Ẹ ò lè máa rìn báyìí."

Mo ní mò ń dúró de onígbàjámọ̀ mi.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Onígbàjámọ̀ wo ló tún kù ní àdúgbò yìí tó jù mí lọ?"

Mo dìde dúró kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè gbọ́. Mo dárúkọ rẹ, mo sì fi tèmi tẹ̀lé e.

Bàbá rẹ.